Dígí àti Eérú

Àtìní, 2 oṣù kọkànlá, 1998

Wọ́n ti dé. Méjèèjì wà lórí tábìlì báyìí, wọ́n kọjú sí ẹnu ọ̀nà bí ìyálé àti ìyàwó tí wọ́n jọ ń dúró de ọkọ.

Olúwọlé ló gbé wọn wá, ọkùnrin Ọ̀mù-Àrán tó ń ta kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ ní ìsàlẹ̀ Táíwò Road níbí. Ọ̀mù ni mò ń pè é nínú ìwé yìí. Kò ní mọ̀. Ó ní mọ́nítọ̀ tó wọlé fún òun lọ́tẹ̀ yìí, oríṣi méjì ni: èyí tí gíláàsì rẹ̀ ń dán, àti èyí tí wọ́n ti fi nǹkan pa dídán rẹ̀. Kí n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan dánra wò títí oṣù yóò fi parí. Èyí tí mo bá mú ni òun yóò kó wá kún ṣọ́ọ̀bù mi, kò sì sí pé mo tún ń dá a padà.

Èyí tó ń dán — Dígí. Èyí tí kò dán — Eérú. Mo ti sọ wọ́n lórúkọ, ó parí.

Ìwé títẹ̀ àti fọ́tòkọ́pì ló ń bọ́ wa láti ọjọ́ yìí wá. Ṣùgbọ́n géèmù ni àwọn ọ̀dọ́ ń béèrè. Kí ọlidé tó dé, kí wọ́n bá a níbí. Bilal àbúrò mi ni yóò máa bójú tó o. Àṣá ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é nítorí ojú rẹ̀. Mi ò tíì rí ẹni tó nà án nínú géèmù rí.

Ìyá wa ti gbọ́, ó sì ti bẹ̀rẹ̀. "Hajarat, má gbé ohun tó ń tàn síwájú ọmọ yẹn o. Ìmọ́lẹ̀ ló gba ojú bàbá yín." Eérú ló fẹ́ kí n mú. Kò tíì fojú kan ọ̀kankan nínú wọn.

Àtàláátà, 3

Nẹ́pà mú iná lọ. Dígí dúdú kirimú. Ojú ara mi ni mò ń wò nínú rẹ̀, àti ẹnu ọ̀nà lẹ́yìn mi. Mo fi aṣọ bò ó.

Àlàrùba, 4

Ìdánwò ọ̀sán. Ṣọ́ọ̀bù yìí kọjú sí ibi tí oòrùn ń wọ̀, tó bá ti ń di ìrọ̀lẹ́, oòrùn á wọlé wá bá wa jókòó. Mo tan méjèèjì. Géèmù ọkọ̀ sísá kan náà lára wọn.

Dígí lẹ́wà. Kí n má purọ́ fún ìwé ara mi. Ọkọ̀ pupa inú rẹ̀ pọ́n bí epo tuntun, títì dúdú bó ṣe yẹ kó dú. Lára Eérú, ọkọ̀ kan náà dà bí èyí tó ti Òkè-Oyì bọ̀ nígbà ọyẹ́, tí eruku bò. Bí èèyàn bá sún mọ́ ọn, á dà bí ẹni pé wọ́n fọ́n iyanrìn kíkúnná sí i.

Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wà nínú Dígí. Lápá òsì, gbangba báyìí: ilẹ̀kùn, pátákó ṣọ́ọ̀bù, Táíwò Road tòun tọkọ̀ tèèyàn. Talatu tó ń bá mi tẹ̀wé jókòó sí i, ó gbá kọ̀ǹpútà mú, ó pariwo — takisí gidi kan ló gba inú géèmù rẹ̀ kọjá. A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Oníbàárà kan tó wá ṣe fọ́tòkọ́pì náà jókòó sí i, ó ní ojú ń ro òun. Gbogbo èèyàn ló ní Dígí kò ṣeé wò lọ́sàn-án.

Àfi Àṣá. Ó jókòó, ó ya gbogbo ọkọ̀ yòókù sílẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà wo? Àǹtí, mi ò rí ẹnu ọ̀nà kankan. Ó mọ́ kedere."

Mo ní kó wo apá òsì. Ó yí ojú síbẹ̀. Ó ní òun ti rí i wàyí, pé ẹni tó bá mọ géèmù ṣe kì í wo ẹ̀gbẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ojú ọ̀gá nìyẹn, mo sọ ọ́ lọ́kàn mi.

Àlàmísì, 5

Mo yà nílé lẹ́yìn ìrun Àlàásárì. Bàbá wà lórí ẹní rẹ̀, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Alfa ni gbogbo àdúgbò ń pè é, àwọn tó kọ́ ní Kéú kò lóǹkà. Ojú rẹ̀ ti lọ kí Bilal tó mọ̀ ọ́n rìn. Wàláà, pátákó Kéú tó ń kọ fún àwọn ọmọ lábẹ́ àtùpà ló fà á. Bí a ṣe mọ̀ ọ́n nílé wa nìyẹn. Bàbá tirẹ̀ náà, àtùpà kan náà, Kéú kan náà, òun náà kò ríran mọ́ kó tó kú.

Mo sọ fún un nípa mọ́nítọ̀ méjèèjì. Ó ní kí n ṣàlàyé dáadáa, pé báwo ni gíláàsì ṣe ń dán tó fi ń di dígí. Ó fetí sí mi. Ó ní, "Àwọn kan fi ojú wọn wo ayé. Èmi fi tèmi ka Kùránì. Kò dùn mí rárá, Hajarat. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn fi tirẹ̀ ṣe géèmù..." Ó mi orí.

Mo ní kó má bẹ̀rù, Bilal tó sá ní Kéú kó tó ka Kùránì dé ìdajì, ojú tirẹ̀ máa pẹ́ ni. Bàbá rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ́rìn-ín. Bilal fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín jù.

Jímọ̀, 6

Ó kù díẹ̀ kí n mú Dígí. Ẹni tó máa lò ó ní òun ò rí àléébù lára rẹ̀. Kí ló tún kù?

Sátidé, 7

Bilal fi èjìká gbá òpó ilẹ̀kùn. Òpó tó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti gba ṣọ́ọ̀bù yìí. Ó ní bàtà ló yọ̀ òun.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Talatu po tíì fún gbogbo wa, ó na ti Bilal sí i láti ẹ̀gbẹ́. Kò gbà á. Talatu dúró, ọwọ́ rẹ̀ wà lókè, ife ń gbóná lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà tó pe orúkọ rẹ̀ ló ta gìrì, ó da tíì náà sílẹ̀. Talatu bínú gidi. Ó ní ṣé torí òun ń tẹ̀wé fún wọn, òun di ẹni tí wọ́n ń ṣe bí ẹni pé wọn kò rí. Mo bá Bilal wí. Ó tọrọ àforíjì. Géèmù ti gbà á lọ́kàn jù, ó ní.

Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Géèmù ti gbà á lọ́kàn.

Àtàláátà, 10

Èyí yà mí lẹ́nu. Ọ̀mù wá béèrè bí ìdánwò ṣe ń lọ, a ní kó bá Àṣá sá eré ọkọ̀ lórí Dígí. Ọ̀mù! Ọkùnrin tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ jókòó sí ọ́fíìsì ìjọba kó tó wá máa ta kọ̀ǹpútà, tó ń fi ìka kan ṣoṣo tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ó na Bilal. Wọ́n tún un sá, ó tún nà án. Gbogbo ìgbà tó bá ti gba apá ọ̀tún Bilal, Bilal á dí i. Tó bá ti gba apá òsì, ó ti kọjá lọ nìyẹn.

"Níbo ló ti yọ?" Bilal ń pariwo. "Níbo ló ti yọ?"

Ọ̀mù ní, "Ẹ̀gbẹ́ rẹ náà ni, ọ̀gbẹ́ni. Mo tiẹ̀ fọn fèrè fún ọ." A rẹ́rìn-ín. Bilal kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó jáde, ó tún gbá òpó ilẹ̀kùn.

Talatu ń wò mí.

Àlàmísì, 12

Ìyá ní kí a lọ bá òun ra iṣu ní Òkè-Oyì. Mo gun ẹ̀yìn alùpùpù Bilal. Ọ̀nà dára, atẹ́gùn ń fẹ́, ó ń kọrin. Mo ń rò ó pé ẹ̀rù àìnídìí ló ń bà mí.

A kù díẹ̀ ká dé ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu létí títì. Obìnrin kan ru agbada gààrí, ó ń bọ̀ láti apá òsì, ó fẹ́ sọdá. Mo ti rí i láti ọ̀ọ́kán. Ó tún ró ìró àdìrẹ. Mo rò pé Bilal náà ti rí i, mo ń retí kó dẹ ẹsẹ̀. Kò dẹ ẹsẹ̀. Mo ń retí. Kò dẹ ẹsẹ̀. Mo ké, mo fa ẹ̀wù rẹ̀. Alùpùpù yà bàrà, ó wọ inú koríko. Gààrí funfun lórí títì. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀, ọwọ́ lórí, ó ń pe Ọlọ́run. Kò fara pa, alihamudulilahi. A kó ohun tó ṣeé kó fún un, a bẹ̀ ẹ́.

Bilal gbé alùpùpù dúró. Ohun tó ń sọ kò ju ọ̀kan lọ. "Níbo ló ti yọ, Àǹtí? Níbo ló ti yọ?"

Alùpùpù yìí ló fi ń gbé Zahrah ọmọ mi lọ sílé ìwé ní Fate láràárọ̀. Bàbá Zahrah wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kàdúná, kò sẹ́lòmíì tó ń gbé e. Mo ronú kan èyí nígbà tí a ń bọ̀.

Jímọ̀, 13

Takisí ni mo fi gbé Zahrah lọ. Mo parọ́ fún Bilal pé ọ̀nà mi ni.

Nígbà tí ilé ìwé jáde, Talatu lọ mú un wá. Zahrah fẹ́ràn Dígí. Tó bá dé ẹnu ọ̀nà, kì í wọlé. Á dúró níbẹ̀, á máa juwọ́ sí wa, èmi á sì juwọ́ padà sí i nínú gíláàsì láìbojúwẹ̀yìn. Bí a ṣe ń ṣe láti ọjọ́ kìíní nìyẹn. Lónìí ó dúró, ó ń juwọ́. Bilal ló jókòó sí Dígí, ó ń gbá bọ́ọ̀lù inú géèmù. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mi ò dá ọmọ náà lóhùn. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá Bilal yóò rí i. Zahrah ń juwọ́. Ó fò sókè. Ó gbé àpò ilé ìwé rẹ̀ tó pọ́n bí ata sókè, ó ń fì í. Nínú gíláàsì yẹn, kò sí bí èèyàn kò ṣe ní rí i. Talatu ti dáwọ́ ìwé tó ń tẹ̀ dúró. Bilal gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

"Dígí yìí mọ́ o, Àǹtí," ó ní. "Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ rárá."

Ẹ̀rù bà mí. Zahrah wọlé, ó ń sunkún. Ó ní Bọ̀dá Bilal kò fẹ́ràn òun mọ́.

Sátidé, 14

Mo sọ fún un. Bóyá ó yẹ kí n sọ ọ́ jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni wọ́n ń pè ní jẹ́jẹ́. Mo ní, "Bilal, o ò ríran lẹ́gbẹ̀ẹ́." Ó ní kí n fi òun sílẹ̀. Ó ka pátákó ṣọ́ọ̀bù tó wà lódìkejì títì fún mi, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tó kéré jù. Ó kà á dáadáa. Ẹni tó ka lẹ́tà kékeré yẹn lódìkejì títì, ta ni yóò sọ pé kò ríran?

Ìyá ló sọ. A dé ilé, mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó pa ọwọ́ pọ̀ gbà! Ó ní ṣé òun kò sọ ọ́. Dígí ti bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ẹ́, ó ti jẹ ẹ̀gbẹ́, ó ku àárín. Ó mú tíróò, ó lé e fún Bilal bí ọmọ ọwọ́. Ó fi omi sàmúsàmú tí wọ́n bá a mú ti Mẹ́kà bọ̀ fọ ojú rẹ̀. Bilal jókòó, ó ń jẹ́ kó ṣe gbogbo rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ti ń ba òun náà tipẹ́.

Mo gbà fún Ìyá. Àtùpà ló gba ti Bàbá, Dígí ló fẹ́ gba tọmọ rẹ̀. Ó bára mu. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo yọ wáyà Dígí, mo gbé e sí igun. Mo ránṣẹ́ sí Ọ̀mù: Eérú ni kó kó wá, gbogbo rẹ̀.

Ara mi fúyẹ́.

Àtàláátà, 17

Eérú kò wò ó sàn. Bilal tún gbá òpó lónìí.

Àlàrùba, 18

Ọsibítù. Mo fà á lọ. Ó ń jà títí a fi dé ẹnu géètì, lẹ́yìn náà ó di ọwọ́ mi mú.

Dókítà ojú náà, obìnrin ni, Adéọlá lorúkọ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ó ní kí Bilal fi ọwọ́ bo ojú kan, kó tẹjú mọ́ imú òun. Ó wá ń mú ìka bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́, díẹ̀díẹ̀, kí Bilal sọ ìgbà tó bá rí i. Mo jókòó lẹ́yìn, mo ń rí ìka yẹn. Mo ń rí i. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó sọ̀rọ̀. Ìka ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú dókítà kó tó ní, "Mo rí i."

Wọ́n wọn agbára omi inú ẹyinjú rẹ̀. Ó ti ga jù, tipẹ́tipẹ́. Dókítà dárúkọ àìsàn náà lóyìnbó, mi ò lè kọ ọ́. Ó ní kì í dunni. Ẹ̀gbẹ́ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, á máa jẹ ẹ́ bọ̀ wá sí àárín, ẹni tó ń ṣe kò sì ní mọ̀, nítorí ojú kan á máa bo àṣírí èkejì. Ti òsì Bilal ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ti ọ̀tún ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó ti lọ ti lọ, oògùn kíkán ni yóò di èyí tó kù mú, kò sì gbọdọ̀ pa á jẹ níjọ́ kan títí ayé.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ Dókítà, ṣé gíláàsì kọ̀ǹpútà tó ń dán ló fà á?"

Ó ní rárá. Ó ní ta ló tún ní ìṣòro ojú nílé wa. Mo ní Bàbá wa, àti bàbá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn yẹn, àtùpà Kéú ni.

Ó gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. "Kì í ṣe àtùpà, màámi. Kì í ṣe dígí. Inú ẹ̀jẹ̀ yín ló wà."

Bilal sọ orí kọ́. Dókítà ní gbogbo ọmọ ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá ṣàyẹ̀wò, àti àwọn ọmọ wa. Mo ní èmi kẹ̀? Ojú mi kò ṣe nǹkan kan. Èmi ni mò ń rí ẹnu ọ̀nà nínú Dígí tí òun kò rí i. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, kí n wá. Mo ní a óò wò ó, ṣọ́ọ̀bù ń dúró dè mí.

Jímọ̀, 20

Bilal ti fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ Mùkáílà ní kọ́kọ́rọ́ alùpùpù, pé kó bá òun ta á.

A lọ kí Bàbá lẹ́yìn Jímọ̀. Bilal ti bẹ̀ mí lójú ọ̀nà. "Ẹ má sọ fún Bàbá, Àǹtí. Ẹ jẹ́ kó máa rò pé Kùránì ló gba ojú òun." Mo ní mo ti gbọ́, mi ò ní sọ.

Bàbá ní ṣé a ti gbé gíláàsì dídán yẹn kúrò. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Eérú ló kù. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣàdúà gígùn fún Bilal, ó dúpẹ́ pé ojú ọmọ òun ti bọ́ lọ́wọ́ ewu, pé òun nìkan ni Ọlọ́run gba ojú lọ́wọ́ rẹ̀, lórí iṣẹ́ Rẹ̀. A ń ṣe àmín.

Àkókò oògùn tó. Bilal yọ ìgò kékeré náà lápò, ó yí ẹ̀yìn sí Bàbá kó tó kán an, bí ẹni pé Bàbá lè rí i. Mo jáde lọ sunkún lẹ́yìn ilé.

Àtìní, 23

Ọ̀mù kó Eérú wá láàárọ̀. Wọ́n tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ṣọ́ọ̀bù kún. Kò mọ ohunkóhun, ó ní mo ṣe ọgbọ́n, pé oòrùn ibí yìí kò jẹ́ kí dídán bá a mu. Ó ní òun ń bọ̀ wá gbé Dígí lọ tó bá di ìrọ̀lẹ́.

Bilal jókòó sí ọ̀kan nínú wọn, ó ń kọ́ ara rẹ̀ láti máa yí gbogbo orí kó tó wo ẹ̀gbẹ́. Dókítà ló ní kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń gbìyànjú. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ.

Mo gbé Dígí padà sórí tábìlì láti nù ún fún Ọ̀mù. Mi ò tàn án. Oòrùn ti wọlé. Ẹnu ọ̀nà wà nínú rẹ̀ lápá òsì bó ṣe máa ń wà, Táíwò Road sì ń lọ nínú rẹ̀. Zahrah ti ilé ìwé dé, Talatu ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó dúró sí àyè rẹ̀. Ó ń juwọ́.

Mi ò mọ ohun tó sọ sí mi lọ́kàn. Mo tẹjú mọ́ àárín gíláàsì bí Dókítà ṣe ní kí Bilal tẹjú mọ́ imú òun. Mo fi ọwọ́ bo ojú ọ̀tún. Zahrah wà níbẹ̀, ó ń juwọ́. Mo rẹ́rìn-ín sí ara mi.

Mo bo ojú òsì.

Gíláàsì mọ́. Ó mọ́ kedere. Kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀.

Mo ṣí i, ó wà. Mo bò ó, kò sí. Mo tún un ṣe, mo tún un ṣe. Mo wá bò ó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo ń dúró, bóyá yóò yọ.

Ohun kan fọwọ́ kàn mí lápá. Mo fò sókè. "Níbo lo ti yọ?"

Zahrah ni. "Mo ti ń juwọ́ sí yín tipẹ́, Ìyá mi. Ẹ ò dá mi lóhùn."

Bilal ti dáwọ́ géèmù dúró. Ó yí gbogbo orí rẹ̀, ó wò mí, ó wo ọwọ́ mi tó wà lójú. Lẹ́yìn náà ó yí orí náà lọ sọ́dọ̀ Zahrah, ó sì ń wò ó.